Kí Lo Fi Mọ̀?

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Manigri, ní Bassila, ní Pénéssoulou àti ní Alédjo ní orílẹ̀-èdè Benin, gbólóhùn kan wà tí mo ń gbọ́ lẹ́nu yín láràárọ̀, tí ó sì ń bà mí lẹ́rù. Gbólóhùn náà ni "ó dájú". Ewúrẹ́ sọnù lálẹ́, ó dájú pé lágbájá ló jí i. Ọmọ ṣàìsàn, ó dájú pé ìyá àgbà kan ní ẹ̀yìnkùlé mọ̀ sí i. Oko kajú jóná, ó dájú pé Fúlàní ló tiná bọ̀ ọ́. Àwòrán kan wọlé sórí WhatsApp, ó dájú pé nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Nígbà ayé àwọn bàbá wa, ẹni tó bá ní "ó dájú" níwájú àgbà ti mọ̀ pé ìbéèrè kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀: kí lo fi mọ̀?

Ìbéèrè yẹn kò ní èébú nínú. Ó ń ní kí o gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ kalẹ̀ kí gbogbo wa jọ wò ó. Bó bá tó nǹkan, a ó bá ọ gbé e. Bí kò bá tó, kò sí ìjà níbẹ̀, ìwọ náà á kàn dẹ ohùn rẹ sílẹ̀ díẹ̀, wàá ní "ó jọ pé" dípò "ó dájú". Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ṣì kéré gba ìbéèrè yìí padà lọ́wọ́ wa kí a tó lọ.

Èdè wa kò fi wá sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí nǹkan á ní "mo rí i". Ẹni tí wọ́n sọ fún á ní "mo gbọ́", tàbí kó ní "wọ́n ní". Ẹni tí ara fu, tí kò tíì rí ohun kan dì mú, á ní "mo fura". Ẹni tó kàn ń méfò kò ní tijú láti sọ pé àméfò lòun ń ṣe. Ẹni tó rí àmì kan tàbí méjì á ní "ó jọ pé", á ní "ó ṣeé ṣe". Ẹni tó to àmì jọ títí tí ọ̀kan fi ń gbe èkejì lẹ́sẹ̀ á ní "á jẹ́ pé". Òkè pátápátá ni "mo mọ̀" wà. Ẹnu kan náà ló ń sọ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ẹrù tí wọ́n ń rù kò dọ́gba. Ẹni tó gbọ́, tó wá ní òun rí, irọ́ ló pa, ìbáà jẹ́ pé òótọ́ ni ohun tó gbọ́.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, J. Olubi Sodipo tó jẹ́ ọmọ Yorùbá àti Barry Hallen tó jẹ́ ará Amẹ́ríkà lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn nílẹ̀ Èkìtì, wọ́n ń bi wọ́n léèrè ohun tó ya "mọ̀" sọ́tọ̀ kúrò lára "gbàgbọ́". Ìwé tí wọ́n kọ lórí rẹ̀, Knowledge, Belief and Witchcraft, jáde ní 1986. Àwọn oníṣègùn náà là á yé wọn pé ìmọ̀ ni ohun tí èèyàn fojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí. Ohun tí a gbà lẹ́nu ẹlòmíràn, ìgbàgbọ́ ni, títí a ó fi dán an wò. Èyí túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ ohun tí olùkọ́ sọ fún yín ní kíláàsì, àti ohun tí rédíò ń sọ, àti ohun tí èmi alára ń sọ lọ́wọ́ yìí, inú ìgbàgbọ́ ni gbogbo rẹ̀ wà. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ìgbàgbọ́ la fi ń gbé ayé. Ìjàǹbá ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá gbé ìgbàgbọ́ sí ipò ìmọ̀, tí a sì fi lọ na ọmọ ọlọ́mọ.

Nínú gbogbo àwọn ọ̀rọ̀ tí mo kà sílẹ̀, "á jẹ́ pé" ló ṣòro lò jù. Ohun tó ń sọ ni pé: èmi kò rí i, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí kò lè rí bẹ́ẹ̀ àfi bí èyí bá ti ṣẹlẹ̀. O jí láàárọ̀, o rí ilẹ̀ àgbàlá tó tutù, o ní á jẹ́ pé òjò rọ̀ lóru. Ó dára. Ṣé o ti wo òrùlé? Ṣé o ti wo àgbàlá ẹni kejì? Bí òrùlé bá gbẹ, tí àgbàlá ẹni kejì náà sì gbẹ, á jẹ́ pé ẹnì kan ló da omi síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń fẹ́ kí o ti wá gbogbo ọ̀nà mìíràn tí ilẹ̀ fi lè tutù, kí o sì ti rí i pé kò sí èyí tó bá a mu. Bí o kò bá tíì wá a, "bóyá" ni kí o sọ.

Ẹ tún wo "torí". A ń sọ pé ilẹ̀ tutù torí pé òjò rọ̀. A sì tún ń sọ pé òjò ti rọ̀, torí mo rí ilẹ̀ tó tutù. Ti àkọ́kọ́ ń sọ ohun tó fà á. Ti èkejì ń sọ ohun tí a fi mọ̀ ọ́n, nítorí ilẹ̀ tútù kò fa òjò rí. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ á máa rò pé nígbà tí òun ti rí ohun tí òun fi mọ̀, òun ti rí ẹni tó ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì máa ń bá "donc" (nítorí náà) pàdé nínú ìwé ìṣirò Faransé yín. Bí igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú onígun mẹ́ta bá jẹ́ 180 lápapọ̀, tí ọ̀kan jẹ́ 60, tí èkejì jẹ́ 70, donc, ìkẹta á jẹ́ 50. Dandan ni. Ọba kò lè yí i padà, ìjọba kò lè yí i padà. Ìdùnnú ni irú ìdájú bẹ́ẹ̀ jẹ́, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n dunjú. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e kúrò nínú ìwé ìṣirò lọ sí ọjà kí ẹ rò pé bó ṣe máa ṣiṣẹ́ nìyẹn. Nínú ọ̀rọ̀ èèyàn, igun kan sábà máa ń wà tí a kò tíì wọ̀n.

Mo fẹ́ràn òwe, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe yìí béèrè pé ta ni kò mọ̀. Èmi dáhùn pé èmi kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé igbe kan ta lóru, àti pé ọmọ kan kú lówùúrọ̀. Nǹkan méjì ni, ọ̀kan ṣáájú, èkejì tẹ̀lé e. Àkùkọ náà ń kọ kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣùgbọ́n bó kọ bí kò kọ, ilẹ̀ á mọ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ibà. Nígbà tí máńgòrò bá pọ́n lọ́dọ̀ wa, tí òjò àkọ́rọ̀ sì ti ń rọ̀, àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ìyá ọmọ rí máńgòrò, ó rí ibà, ó ní máńgòrò ló fà á. Ohun tó rí kì í ṣe irọ́ rárá. Àkókò kan náà ni méjèèjì ń wọlé. Ṣùgbọ́n omi òjò tó bẹ̀rẹ̀ ló ń dárogún sí kòtò, inú omi náà ni ẹ̀fọn ń yé sí, ẹ̀fọn ló sì ń gbé ibà láti ara ẹnì kan lọ sí ara ẹlòmíràn. Àwọn ará Yúróòpù náà ṣe irú àṣìṣe yìí fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n rí i pé ibi tí àbàtà bá wà, ibẹ̀ ni ibà ń pọ̀ sí, wọ́n wá ní òórùn àbàtà ló ń fà á. Òótọ́ ni ohun tí wọ́n rí, ohun tí wọ́n fà yọ nínú rẹ̀ ló ṣìnà. Ní 1880 ni dókítà ọmọ ogun Faransé kan, Alphonse Laveran, rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní Constantine nílẹ̀ Àlìjíríà. Ní 1897, Ronald Ross ṣí inú ẹ̀fọn wò ní Secunderabad nílẹ̀ Íńdíà, ó sì rí kòkòrò náà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì béèrè ohun tí àgbà Manigri yóò béèrè, wọ́n sì fara balẹ̀ títí wọ́n fi rí ìdáhùn. Títí di òní, ọmọ tó ń gbóná, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn, kí ìyá má jókòó sílé kó máa di ẹ̀bi ru máńgòrò tàbí àjẹ́.

Èyí tí n kò lè gbàgbé ni ti oṣù Kọkànlá ọdún 2001 ní Kutọnu. Ariwo ta nínú ìlú pé àwọn èèyàn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fara kan ọkùnrin, nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ á pòórá. Ẹnì kan á kígbe, èrò á yí ẹni tó wà nítòsí po. Ó kéré tán, èèyàn márùn-ún ni wọ́n pa, wọ́n dáná sun èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ wo bí àwọn apani náà ṣe rò ó: ó kàn mí, ara mi yí padà, á jẹ́ pé òun ni. Òwe àjẹ́ àná náà ni, gẹ́lẹ́ bó ṣe wà. Kò sí ẹnì kan nínú èrò náà tó dúró béèrè pé kí lo fi mọ̀, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè náà kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ. Òfin ìpìlẹ̀ Benin ti 11 oṣù Kejìlá 1990 ti sọ ọ́ ní abala 17 pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò tíì jẹ̀bi títí ilé ẹjọ́ yóò fi rí ẹ̀bi rẹ̀. Àwọn bàbá wa ti ń sọ ọ́ kí òfin yẹn tó dé: agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

N kò ní kí ẹ má fura o. Ìfura loògùn àgbà. Ṣùgbọ́n ìfura ní kí o ti ilẹ̀kùn tìrẹ, kò ní kí o já ilẹ̀kùn ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé oko kajú tó jóná, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣe wá léṣe jù lọ. Láti oṣù Kejìlá wọ oṣù Kejì, koríko gbẹ, ọyẹ́ ń fẹ́, kajú sì ń yọ òdòdó lọ́wọ́. Iná tó bá wọ oko lákòókò yẹn lè mú ìkórè ọdún náà lọ, kí ó sì mú igi tí èèyàn ti ń tọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ lọ pẹ̀lú. Olóko á dé ibẹ̀, á rí ojú ẹsẹ̀ màlúù, á kígbe orúkọ. N kò bá òun wí, ìbànújẹ́ ló ń gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ tẹ̀lé e dé ibẹ̀ ni mo ń bá wí.

Ẹ kọ́kọ́ wo ara igi. Iná tí afẹ́fẹ́ ń gbé lọ kì í jó ara igi dọ́gba yíká. Níhà tí afẹ́fẹ́ ti wá, dúdú rẹ̀ kì í ga púpọ̀. Níhà kejì, níbi tí afẹ́fẹ́ ń lọ, dúdú náà á gùn ún dé òkè. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀ lára igi kan, ẹ wo igi kejì, ẹ wo ìkẹta, ẹ wo ìkẹrin. Bí gbogbo wọn bá ń sọ ohun kan náà, ẹ ti mọ ọ̀nà tí iná gbà wọlé, ẹ lè máa tọ̀ ọ́ padà sẹ́yìn. Láti àríwá ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ sábà máa ń fẹ́ wá bá wa, nítorí náà kó má yà yín lẹ́nu bí ipasẹ̀ iná bá gbé yín lọ síhà ibẹ̀. Kí lẹ máa bá níbẹ̀? Ó lè jẹ́ ibi tí ẹnì kan ti ń sun èédú. Ó lè jẹ́ oko iṣu tuntun tí wọ́n fi iná tún. Ó lè jẹ́ ibi tí àwọn ọdẹ ti fi iná lé ọ̀yà jáde. Ó lè jẹ́ etí títì. Ó sì lè jẹ́ ibi tí darandaran ti dáná sí koríko gbígbẹ kí tútù lè hù fún màlúù rẹ̀. Àgbẹ̀, ọdẹ, ẹni tó ń sun èédú, darandaran, gbogbo wa la ń tiná bọ igbó nígbà ọyẹ́. Ẹni tó bá mú ọ̀kan nínú wa kó tó wo àwọn tó kù, ẹni tó ti ń bínú sí tẹ́lẹ̀ ló mú.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ lóṣòó, kí ẹ wo ojú ẹsẹ̀ màlúù náà dáadáa. Ṣé pátákò ló tẹ eérú mọ́lẹ̀, àbí eérú ló bo ojú pátákò? Bí pátákò bá tẹ eérú mọ́lẹ̀, ìgbà tí iná ti kú ni màlúù gba ibẹ̀. Bí eérú bá bo ojú ẹsẹ̀ náà, màlúù ti kọjá kí iná tó dé. Ẹ wo ìgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, bóyá iná kàn án tàbí kò kàn án. Ojú ẹsẹ̀ tí olóko rí tó fi kígbe orúkọ, ó lè jẹ́ òun gan-an ló máa gba darandaran náà sílẹ̀. Kódà bí eérú bá bò ó, gbogbo ohun tí ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ ni pé á jẹ́ pé màlúù gba ibí kọjá kí iná tó dé. Ẹ kò tíì lè sọ pé ẹni tó da màlúù náà ló tan iná. Ìgbésẹ̀ kan ṣì kù láàárín gbólóhùn méjèèjì, ẹ sì níláti rí ohun tí ẹ máa fi gbé e.

Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí irú ilẹ̀ tí a ń gbé. Anii ni èdè àwọn ọmọ onílùú Bassila, Nàgó ni tiwa ní Manigri, Kótókólì ń bẹ láàárín wa, Fúlàní ń bẹ láàárín wa, ọjà kan náà la ń ná, omi pọ́ǹpù kan náà la ń pọn. Bí ọmọ Nàgó kan bá ṣi ọ̀rọ̀ fà yọ nípa ọmọ Nàgó ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á parí rẹ̀ nínú ilé. Bó bá ṣì í fà yọ nípa ọmọ èdè mìíràn, gbogbo ilé ló máa dá sí i.

Ohun kan wà nílé wa níbí tí mo máa ń fi han àwọn ọmọ bí a ṣe ń mọ ibi tó yẹ ká dúró. Bí ọmọ Manigri bá kọjá sí Kambolé ní Tógò, ó máa bá àwọn èèyàn tí wọ́n ń sọ irú Nàgó tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ èdè ka ti Manigri àti ti Kambolé sí ẹ̀ka kan náà. Ààlà tó wà láàárín wa, Faransé àti Jámánì ló fẹnu kò lé e lórí ní 1897. Kí la lè fà yọ nínú èyí? Èdè méjèèjì jọra tó bẹ́ẹ̀, ààlà kò sì tíì pé àádọ́jọ ọdún, á jẹ́ pé orísun èdè wọn jẹ́ ọ̀kan kí ààlà tó dé. Mo fara mọ́ èyí. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá tún ní, nítorí náà, Manigri ló bí Kambolé, tàbí Kambolé ló bí Manigri, ó ti ré kọjá ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjọra nìkan kò sọ ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ sọ èyí á wá ìtàn àwọn ìdílé, á wá orúkọ ilé àti oríkì, á bi àwọn aládùúgbò léèrè, á sì fara balẹ̀ bí wọn kò bá bá ara wọn mu.

Àwọn tó jẹ́ Mùsùlùmí nínú yín, ẹ kò ní àwíjàre rárá. Súrà Al-Hujurat, ẹsẹ̀ kẹfà, ti pa á láṣẹ pé bí ẹni burúkú bá mú ìròyìn wá, kí ẹ wádìí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ hádíìsì kò gba ọ̀rọ̀ kan láìmọ ẹni tó sọ ọ́, àti ẹni tí onítọ̀hún náà gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tó ń wọlé sórí fóònù yín. Ta ló fi í ránṣẹ́ sí ọ? Níbo lòun ti rí i? Ta ló wà níbẹ̀? Bí o kò bá rí ẹnì kan dárúkọ pé ó wà níbẹ̀, má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Kò sì sí ìgbà tí "n kò mọ̀" burú lẹ́nu ọmọ tí a tọ́. Lọ́dọ̀ tèmi, ọmọ tó lè sọ ọ́ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pariwo ti ń di àgbà.

Ọyẹ́ kì í pẹ́ dé. Bí oko ẹnikẹ́ni bá jó láàárín wa, ẹ ránṣẹ́ pe olórí abúlé, ẹ pe àgbẹ̀ kan, ọdẹ kan, àti àgbà kan lára àwọn Fúlàní, kí wọ́n jọ dé ibẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó gbá eérú lọ. Ẹ má jẹ́ kí èrò tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ fi fóònù yín ya fọ́tò ara igi àti ojú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gbé e fún àwọn àgbà tàbí ọlọ́pàá tó bá bi yín léèrè. Títí ẹ ó fi ṣe èyí, mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má dárúkọ ẹnikẹ́ni.